Kẹ̀kẹ́ Méje Inú Ewé Gbòdògì

Ní ọdún 1995, nígbà tí àwọn ológun ṣì ń fi ìwé yan alága fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ìwé kan ti Abẹ́òkúta wá sí ilẹ̀ Rẹ́mọ pé kí Olóyè Ọláníyọnu Ṣóbọ̀wálé lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí alága fìdíhẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. N kò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ mọ ara wọn, àwọn tí kò gbé níbẹ̀ kò sì pàdánù ohunkóhun. Oṣù mẹ́fà ni ìwé náà fún un. Olóyè kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fo ibi tí wọ́n kọ oṣù mẹ́fà sí ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọdún méjìlélógún ni ó ti kọ́kọ́ fi ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ẹnì kan ṣoṣo kò sì dìde fún un rí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju bó ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé bí ọkọ̀ òun bá ti wọ ọgbà sẹkitéríàtì, kí gbogbo òṣìṣẹ́ dìde dúró. Ẹnì kan béèrè pé ẹni tó bá wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́. Olóyè ní kí olúwa rẹ̀ dìde níbẹ̀, kí ó sì wá fi orúkọ sílẹ̀ tí ó bá jáde. Ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ wọ̀nyí sí kún kí oṣù àkọ́kọ́ tó parí.

Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ náà, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, ti bá alága márùn-ún ṣiṣẹ́ kí Olóyè tó dé, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí alága bá sín, Olúsànyà á ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Bí alága bá dákẹ́, á mi orí, á ní, "Ọ̀rọ̀ ńlá." Mo ti rí àwọn tó ń pọ́n ọ̀gá wọn lé nítorí pé wọ́n bẹ̀rù rẹ̀. Olúsànyà kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ṣe é bí àwọn mìíràn ṣe ń tẹ ìwé ni.

Oṣù kejì tí Olóyè dé orí àga ni kẹ̀kẹ́ méje tuntun dé. Àwọn aláàánú kan ní òkè òkun ló fi wọ́n ránṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ sí àwọn abúlé oko. Ọwọ́ Dókítà Ellen Kọ́mọláfẹ́, ìyá kan tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọ Adventist, ni wọ́n gbé wọn gbà, òun ló sì fà wọ́n lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ó sọ gbólóhùn méjì péré. Ó ní kẹ̀kẹ́ náà wà fún gígùn, ó sì ní òun yóò padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀ láti wá wo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe.

Olóyè fèsì fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìlọsíwájú, nípa ara rẹ̀, nípa ìlọsíwájú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gun ọ̀kan nínú àwọn kẹ̀kẹ́ náà fún fọ́tò, ọkùnrin mẹ́rin sì dì í mú kí ó má baà ṣubú. Nínú fọ́tò náà, ọwọ́ àwọn ọkùnrin náà kò hàn. Kẹ̀kẹ́ náà ń dán, àwọ̀ búlúù rẹ̀ mọ́ roro, agbádá Olóyè sì bo àga rẹ̀ pátápátá. Wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́ sí ọ́fíìsì, wọ́n gbé òmíràn kọ́ sí pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Simawa.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fún ní kẹ̀kẹ́ ni Ìdíátù Bẹ̀llò, ọmọ ìdílé oníṣòwò obì kan ní Ṣàgámù, tó ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Abúlé tó jìnnà jù nínú àwọn tí wọ́n yàn fún un ni Ìdí-Àràbà, tó wà nínú oko lẹ́yìn Simawa. Ọlọ́kadà kì í wọ ibẹ̀ lásìkò òjò. Oògùn abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ tutù títí yóò fi dé ara ọmọ, inú kúlà kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa mọ́ ni wọ́n sì ń gbé e sí, pẹ̀lú yìnyín. Yìnyín náà kì í pé wákàtí méjì. Ẹsẹ̀ ń gba wákàtí mẹ́ta kó tó dé Ìdí-Àràbà, kẹ̀kẹ́ ń gba ọ̀kan. Ẹ rántí ìṣirò yìí, nítorí ẹnikẹ́ni kò ní ṣe é ní sẹkitéríàtì.

Oṣù méjì ó lé díẹ̀ ni Ìdíátù fi gun kẹ̀kẹ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé e ti ògiri ẹnu ọ̀nà sẹkitéríàtì kí ó lè wọlé lọ gba ìwé. Ọkọ̀ alága dé. Olóyè ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn yí kẹ̀kẹ́ náà ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti dìde dúró ní fèrèsé sì rí i. Nígbà tí Ìdíátù fi máa jáde, alága ti ka ojú ibi mọ́kànlá tí ọ̀dà ti bó.

"Ta ló ni kẹ̀kẹ́ yìí?"

"Ti ìjọba ni, sà."

"Mo mọ̀ pé ti ìjọba ni. Ta ló ń gùn ún?"

"Èmi ni, sà."

"Oṣù mélòó ló dé ọwọ́ rẹ?"

"Oṣù méjì ó lé díẹ̀, sà."

"Oṣù méjì, ó sì ti bó. Ṣé o mọ̀ pé iyì ìjọba ni ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ yẹn?"

"Kúlà ló ń ha á, sà, àti wáyà bíréèkì níwájú. Ibi tí nǹkan bá ti ń fara gbo ara ni ó máa ń bó. Kò dí ìrìn rẹ̀ lọ́wọ́."

"N kò béèrè ìrìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ," ni Olóyè wí. "Ìrìn kì í hàn nínú fọ́tò."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìdíátù ti gba kúẹ́rì. Ìwé náà ní kí ó ṣàlàyé, láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún, ìdí tí ìjọba kò fi gbọdọ̀ kà á sí ọ̀tá ọ̀dà. Ó fèsì ní gbólóhùn kan: "Mo gun kẹ̀kẹ́ náà ni." Olóyè ka èsì yìí, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ láì tijú báyìí. Ó pàṣẹ kí wọ́n kó kẹ̀kẹ́ méjèèje padà wá. Nígbà tí wọ́n kó wọn dé, gbogbo wọn ló ti bó níbi kan tàbí ibòmíràn, nítorí pé gbogbo wọn ni wọ́n ti gùn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni lẹ́tà Dókítà Ellen dé pé òun yóò wá wo àwọn kẹ̀kẹ́ náà ní ìparí oṣù tó ń bọ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Fàtáì. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí Fàtáì ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ gígùn. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tó bó lára kẹ̀kẹ́ Ìdíátù, ó sì nàró.

"Kò sí nǹkan tó ṣe é," ni Fàtáì wí. "Ẹ bá mi wá túúbù tó ti bẹ́, kí n gé e wẹ́wẹ́, kí n fi dì í níbi tí kúlà àti wáyà ti ń fara kàn án. Àwọn ojú ibi tó ti bó, ẹ fi ọ̀dà díẹ̀ kùn wọ́n. Tí ẹ ò bá rí ọ̀dà, kútẹ́ẹ̀sì tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná náà ń ṣiṣẹ́. Kí omi má ṣáà ti rí irin. Omi ni ọ̀tá irin. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa gùn ún lọ."

"Túúbù," ni Olóyè wí. "Ṣé o fẹ́ kí n wọ túúbù fún kẹ̀kẹ́ tí mo ti gùn ya fọ́tò?"

"Kẹ̀kẹ́ náà kò ní mọ̀, sà."

Olúsànyà fa Fàtáì lápá jáde kí ó má baà kó ara rẹ̀ sí ẹjọ́ sí i. Ìmọ̀ràn yẹn ìbá ti parí gbogbo ọ̀rọ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó rọrùn kì í gbé ènìyàn níyì, kò sì sí bí alága ṣe fẹ́ fi àgékù túúbù sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan.

Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì lórí ọ̀dà. Wákàtí márùn-ún ni ìpàdé náà gbà. Kánsẹ́lọ̀ ètò ẹ̀kọ́ dábàá pé kí wọ́n máa gun àwọn kẹ̀kẹ́ náà ní ojú títì ọlọ́dà nìkan. Wọ́n rán an létí pé títì kò dé abúlé kankan nínú wọn. Kánsẹ́lọ̀ ètò iṣẹ́ òde ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ru kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé, kí wọ́n gùn ún díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì rù ú padà. Alága fẹ́ràn èyí, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ó ń dààmú nítorí irun orí wọn tó lè ha ọ̀dà.

Kánsẹ́lọ̀ ètò ọ̀gbìn, Alhaji Ìdírísù, kò tíì sọ ohunkóhun. Oníṣòwò obì ni, ọkọ̀ tírélà tó fẹ́ kó obì rẹ̀ lọ sí òkè ọya wà ní Ṣàgámù, wọ́n sì ti ń dì í. Ó ti wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi sú u. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ irun orí, ó mí kanlẹ̀.

"Alága," ni ó wí, "tí ó bá jẹ́ pé bí awọ nǹkan kò ṣe ní bàjẹ́ ni a ń wá, ẹ jẹ́ kí a kúkú dì wọ́n sínú ewé bí obì, kí oníkálukú máa lọ sí ilé rẹ̀."

Olóyè gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí Ìdírísù tún un sọ. Ìdírísù tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Alága dìde. "Láti ayébáyé," ni ó wí, "ni àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ti ń di obì sínú ewé gbòdògì. Wọ́n á tò ó sínú agbọ̀n, wọ́n á wọ́n omi sí i, obì náà á rin ìrìn àjò dé Kánò, kò ní ha, kò ní ṣá, kò ní bó. Òyìnbó tó ṣe kẹ̀kẹ́ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kùn ún ní ọ̀dà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá ku ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, Ọlọ́lá," ni Olúsànyà dáhùn, ó sì ń kọ ọ́.

Ìdírísù mọ̀ pé ohun tó ní ẹ̀mí ni obì, pé kí ó má baà gbẹ ni wọ́n ṣe ń fún un ní omi, àti pé irin kì í ṣe obì. Ó la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n alága ti fi í ṣe Alága Kọ̀mítì Ewé, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un, aago sì ti lu márùn-ún. Ó pa ẹnu dé, ó sì lọ bá tírélà rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò dá a lẹ́bi púpọ̀, ṣùgbọ́n mo dá a lẹ́bi díẹ̀.

Wọ́n wá àwọn ìyá tó ń di obì ní Ṣàgámù wá. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wo inú ọgbà sẹkitéríàtì, ó ní níbo ni obì náà wà. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ hàn án. Ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, ó wo ojú Olúsànyà, ó sì ní, "Ó dáa." Iṣẹ́ tó péye ni wọ́n ṣe, nítorí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ gbàgẹ̀rẹ̀. Wọ́n hun agbọ̀n gígùn méje, wọ́n tẹ́ ewé gbòdògì sí i ní ìlọ́po méjì, wọ́n tẹ́ kẹ̀kẹ́ sí i, wọ́n bò ó, wọ́n sì fi okùn dì í pinpin. Láti ọjọ́ náà, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, Olóyè á gbé abọ́ fàdákà kan dání, á máa wọ́n omi sí àwọn agbọ̀n náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo òṣìṣẹ́ á sì dìde dúró. Olúsànyà pè é ní Ètò Ìbomirin Kẹ̀kẹ́. Ètò náà ní fáìlì tirẹ̀. Àsìkò òjò ni, òjò sì ń bá Olóyè fi kún un.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n di kẹ̀kẹ́ tán ni ọkùnrin kan ti Ìdí-Àràbà wá bá Ìdíátù ní ọjà. Ó ní èéyi ti wọ abúlé kejì sí tiwọn: ikọ́, ojú pípọ́n, ara àwọn ọmọ sì ń sú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni orúkọ wọn wà nínú ìwé Ìdíátù ní Ìdí-Àràbà, kò sì tíì sí èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ èéyi nínú wọn, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gba kẹ̀kẹ́ ni oògùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé kúlà lé orí, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó kọjá Simawa, omi ti ń kán sí i ní ọrùn. Ó sọ kúlà kalẹ̀, ó fọwọ́ kan ìgò oògùn náà, ó gbóná. Oògùn tó bá ti gbóná kò ní agbára mọ́. Ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yí padà.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá alága. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tú ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi. Èyí tó bó jù náà tó mi."

"Bí a bá tú ọ̀kan, afẹ́fẹ́ á wọ inú àwọn yòókù."

"Èéyi ti dé ẹ̀gbẹ́ Ìdí-Àràbà, sà. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni."

"Ọjọ́ mélòó ló kù kí Dókítà Ellen dé?"

"N kò mọ̀, sà."

"Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Ṣé o wá rí i? Oníkálukú ló ní ohun tí ó ń kà."

"Ọ̀rọ̀ ńlá," ni Olúsànyà wí.

Ìdíátù jáde, ó sì lọ dúró lábẹ́ igi Fàtáì. Fàtáì ti gbọ́ ohun tó dé. Ó na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tí ó gbé ti igi. Kò sí ẹni tó mọ àwọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kun kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́, irin lásán ni, àmọ́ ojoojúmọ́ ni Fàtáì ń fi àkísà olóròóró nù ún, kẹ̀kẹ́ náà sì ń lọ geerege. "Gbé e," ni ó wí. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn kò ní dé ibùdó ìlera títí di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ìdíátù sì ní láti dúró. Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà ni ó gun kẹ̀kẹ́ Fàtáì dé Ìdí-Àràbà ní wákàtí kan, yìnyín ṣì le nínú kúlà.

Ọgbọ̀n ọmọ ni wọ́n kó wá. Ìyá tó kù, Adétóun, jókòó ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kò gbé ọmọ kankan. Ìfẹ́olúwapọ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ọjọ́ Ẹtì ni ara rẹ̀ súyọ, ọjọ́ Àìkú ni ó kú. Adétóun dìde, ó bu omi fún Ìdíátù mu, nítorí pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ tí mo bá dé ibi yìí, n kò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ìdíátù fún ọgbọ̀n ọmọ ní abẹ́rẹ́, ó fi àmì sí iwájú orúkọ wọn. Sí iwájú orúkọ kan, déètì nìkan ni ó kọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí sẹkitéríàtì, níbi tí wọ́n ti ń múra. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Olóyè mú fún ìtúdì kẹ̀kẹ́. Dókítà Ellen kọ̀wé pé ọjọ́ ìsinmi àwọn ni Àbámẹ́ta ní ìjọ àwọn, òun yóò wá ní Ọjọ́bọ̀. Olóyè béèrè bóyá ìjọba ìbílẹ̀ lè kọ̀wé sí ìjọ náà pé kí wọ́n sún ọjọ́ ìsinmi síwájú lẹ́ẹ̀kan péré. Olúsànyà kọ lẹ́tà náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, níbi tí ó máa ń tọ́jú irú àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí. Wọ́n mú Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Fàtáì wá sí ẹnu géètì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ ojú wo inú agbọ̀n kan. Wọ́n ní alága kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i ṣáájú, kí ẹnu lè ya gbogbo ènìyàn lójú kan náà. Èyí ni ìlérí kan ṣoṣo tí Olóyè mú ṣẹ ní gbogbo ìgbà tó fi wà lórí àga.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ta àtíbàbà. Wọ́n ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan mú obìnrin mẹ́wàá wá láti jó ìjó ìdúpẹ́. Adétóun wà lára mẹ́wàá ti Ìdí-Àràbà, nítorí pé abúlé náà kéré. Olóyè sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú nípa bí òun ṣe fi ọgbọ́n obì gba ọ̀dà là. Lẹ́yìn náà, ó mú sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù wé, ó gé okùn agbọ̀n àkọ́kọ́.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Ewé náà ti dúdú, ó ti ń yọ̀, èèrà sì ti kọ́lé sí i. Nígbà tí wọ́n ṣí i kúrò, ọ̀dà búlúù bá ewé lọ bí èèpo ṣe ń bá iṣu sísè lọ. Irin tó kù lábẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó ti dógùn-ún láti orí dé ìdí. Ẹnì kan gbìyànjú láti yí táyà rẹ̀, kò yí. Ṣéènì rẹ̀ ti di ọ̀pá. Wọ́n tú agbọ̀n kejì, bákan náà ni. Olóyè ní kí wọ́n tú ẹ̀kẹta, bóyá nítorí pé ó gbàgbọ́ pé ó máa ń rẹ ìpẹtà. Nígbà tí wọ́n fi dé ìkeje, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń tú u, ọwọ́ Olóyè sì ti wà lẹ́yìn.

Ó yí padà sí àwọn ènìyàn. "Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Rẹ́mọ," ni ó wí, "ẹ má wo èyí gẹ́gẹ́ bí ìpẹtà. Àwọ̀ ilẹ̀ wa pupa ni. Kẹ̀kẹ́ tó dé bí àlejò ti di onílé."

Olúsànyà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó sì dẹwọ́.

Dókítà Ellen kò gbé ohùn sókè. Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi dì wọ́n. Alága ní kí ọ̀dà wọn má baà bó ni. Dókítà náà tún béèrè ẹni tó ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ fi wà nínú ewé. Ìdíátù jáde láàrin àwọn òṣìṣẹ́, ó sì na ìwé rẹ̀ sí i. Dókítà náà wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan wá sí ìsàlẹ̀.

"Ìdí-Àràbà, ọgbọ̀n. Kí lo gùn lọ?"

"Kẹ̀kẹ́ Ọ̀gá Fàtáì ni, mà."

"Ọ̀kan wà níbí tí kò ní àmì. Déètì nìkan ni."

"Ó kú kí n tó dé, mà. Mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ, yìnyín sì yọ́ mọ́ mi lọ́nà."

"Níbo ni kẹ̀kẹ́ rẹ wà lọ́jọ́ náà?"

Ìdíátù wo agbọ̀n kẹta. Kò nawọ́ sí i. Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà wo agbọ̀n kẹta.

Alága tún ohùn ṣe. "Ọlọ́run ló ń fúnni, òun ló sì ń gbà," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí a máa bá ètò lọ. Fọ́tò ló kàn."

Adétóun dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, ó sì rìn jáde. Àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n jọ wá tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin abúlé yòókù tẹ̀lé wọn, lẹ́yìn náà àwọn ìyá tó di agbọ̀n. Alhaji Ìdírísù ṣí fìlà, ó dì í mú lọ́wọ́, ó sì lọ láì wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó bú alága, kò sí ẹni tó pariwo. Ayàfọ́tò náà ká ẹsẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀. Olúsànyà dúró títí ó fi ku àga mẹ́ta tí ènìyàn jókòó sí, lẹ́yìn náà ó rántí fáìlì kan nínú ọ́fíìsì. Olóyè wá dúró láàrin irin pupa méje, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún kámẹ́rà tó ti lọ.

Ìwé Dókítà Ellen dé Abẹ́òkúta. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìwé mìíràn fi dé láti ibẹ̀. Olúsànyà ló kà á fún un, ó sì jókòó kà á. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó gba abọ́ fàdákà, ó ní kí Olóyè buwọ́ lù ú pé òun kó wọn sílẹ̀. Nígbà tí Olóyè ń kọjá lọ sí ẹnu géètì, àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ ìwé wọn lọ. Ẹnì kan gbé ojú sókè, ó wò ó, ó sì padà sí ìdí iṣẹ́. Èyí dun Olóyè ju ìwé Abẹ́òkúta lọ, mo sì rò pé ó tọ́ kó dùn ún.

Òjò ti dá díẹ̀, kò sì sí ọlọ́kadà kankan lójú ọ̀nà. Olóyè ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lọ sí Simawa. Kò tíì rìn jìnnà tí ó fi gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn. Ìdíátù ni. Fàtáì ti tú irin méje náà, ó fi sáńpépà ha èyí tó ṣeé ha, ó sì ti to kẹ̀kẹ́ méjì jáde nínú wọn. Iwájú èyí tí Ìdíátù gùn jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, túúbù sì wà ní gbogbo ibi tí nǹkan ti lè fara kàn án. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ìdíátù. Gbé mi dé Simawa. Orí kẹ́ríà yẹn tó mi jókòó."

Ìdíátù wo kẹ́ríà náà. "Ẹ má bínú, bàbá. Kúlà ló wà níbẹ̀."

"N ó gbé e lé itan."

"Ẹ lè gbé e, sà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé yín, mi ò ní lè yára, yìnyín á yọ́ kí n tó dé."

Olóyè wo kúlà náà. Omi ti ń kán díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ ìdérí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mélòó ni?" ni ó béèrè.

"Méjìlá, sà."

Ojú ọ̀nà náà kò fẹ̀. Olóyè yà sínú koríko tútù, Ìdíátù sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá.